Kọ́nà Ló Ń Dá Ẹjọ́ Eré Kẹ̀kẹ́

Bí wọ́n bá ṣètò eré ìje kẹ̀kẹ́ kan láti Ìkàrẹ́ ní Àkókó, tó gba Àkùngbá àti Ọ̀kà kọjá lọ sí Ìsùà, ẹni tó dúró sẹ́bàá títì ní Ìwárò Ọ̀kà kò ní rí ju ìṣẹ́jú méjì lọ nínú rẹ̀. Láti àárọ̀ ni yóò ti gbé àga síta. Mọ́tò ọlọ́pàá á kọ́kọ́ fọn fèrè kọjá, àwọn eléré á yọ lọ́wọ̀ọ́wọ́, aṣọ pupa, aṣọ àwọ̀ ewé, wọ́n á sì ti lọ. Ta ló wà níwájú? Ta ló ti ń rẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ìyókù di ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí rédíò.

Irú eré kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Criterium ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é, àárín ìgboro gan-an ni wọ́n sì ti ń sá a. Wọ́n á sé òpópónà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó já síra wọn, wọ́n á fi irin dí gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á sì máa yí ibẹ̀ po títí àsìkò yóò fi tó. Ìyípo kan sábà máa ń wà láàárín kìlómítà kan sí mẹ́ta. Ìyá tó ń din àkàrà níwájú ilé rẹ̀ lè wo gbogbo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì kúrò nídìí agbada. Ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ni wọ́n á máa yọ sí i. Mo gbà pé ìdí nìyí tí eré yìí fi rọ àwọn ìlú kéékèèké lọ́rùn, níbi tí kò ti sí pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n lè máa gba owó ìwọlé sí. Títì ni pápá wọn.

Ọ̀kan lára èyí tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà ni ti Somerville, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Àwọn tó ń gbé ìlú náà kò ju nǹkan bí 12,000 lọ. Ìkàrẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, Fred Kugler, tí gbogbo ìlú ń pè ní Pop, ló dá a sílẹ̀ ní 1940. Ọmọ rẹ̀ Furman ń fi kẹ̀kẹ́ díje káàkiri, ó wá ń fẹ́ kí òun náà sáré nílé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa sá eré ìje gba ẹ̀bùn lójú títì ìjọba, ni Bàbá Kugler bá fọgbọ́n sọ ọ́ ní Tour of Somerville, bí ẹni pé àwọn ọ̀dọ́ kan kàn ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe fàájì kiri. Orúkọ yẹn ló ń jẹ́ títí di òní. Furman ló gba ipò kìíní lọ́dún àkọ́kọ́, ó tún gbà á ní 1941. Carl Anderson ló gbà á ní 1942. Ogun Àgbáyé Kejì pa àwọn ọmọkùnrin méjèèjì. Nígbà tí wọ́n tún gbé eré náà dìde ní 1947, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi sọrí rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó ṣubú, ni wọ́n ń sá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní New Jersey, ẹ ní kó lọ dúró sẹ́bàá títì kó wò ó fún yín.

Eré tí wọ́n ń sá lọ́jọ́ kan náà kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló ń kọ́kọ́ jáde, tiwọn lè má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín àwọn ọkùnrin eléré sí ní Amẹ́ríkà. Ìpele karùn-ún ni ọmọ tuntun, ìkìíní ni ọ̀gá, bí èèyàn bá sì ṣe ń ṣe dáadáa ni wọ́n ń gbé e gòkè. Àwọn obìnrin ní tiwọn, àwọn àgbàlagbà tó ti lé lógójì ọdún ní tiwọn, wọ́n sì sábà máa ń fàyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọ̀jẹ̀ máa ń bọ́ sójú ọ̀nà. Ní ìlú Athens, ní ìpínlẹ̀ Georgia, alẹ́ gan-an ni tiwọn, lábẹ́ iná òpópónà, láti 1980.

Ohun tí àlejò kì í tètè mọ̀ ni pé kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe jìn ló le nínú eré yìí. Ọgọ́ta kìlómítà kì í ṣe nǹkan lójú oníkẹ̀kẹ́ tó mọṣẹ́. Ó lè gun ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ kó tó jẹun ọ̀sán. Kọ́nà ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyípo kan jẹ́ kìlómítà kan àbọ̀, tó sì ní kọ́nà mẹ́rin. Ẹni tó bá gun ọgọ́ta kìlómítà níbẹ̀ yóò yípo nígbà ogójì géérégé, yóò sì ya kọ́nà ní ìgbà ọgọ́jọ. Ìgbà ọgọ́jọ ni yóò dẹ ẹsẹ̀, ìgbà ọgọ́jọ ni yóò tún dìde lórí àga kẹ̀kẹ́ láti fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dàlì kó lè padà sí kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Ìsinmi tó wà láàárín èkíní àti èkejì kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Èyí kì í sì í rí bákan náà fún gbogbo wọn. Ẹni tó wà níwájú ń ya kọ́nà bó ṣe wù ú. Yóò sún jáde sí etí títì kó tó débẹ̀, yóò gé e wọlé súnmọ́ igun, yóò tún jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbé òun jáde sí etí kejì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní fọwọ́ kan bíréékì. Àwọn márùn-ún tó tẹ̀ lé e lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ti há, gbogbo wọn ò lè gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréékì, bí ẹni kan bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti wà nínú ọ̀wọ́ mọ́tò tó ń lọ sí Àkúrẹ́, tí ọlọ́pàá dá wọn dúró lójú ọ̀nà, mọ ohun tí mò ń wí. Mọ́tò àkọ́kọ́ á kàn dẹ ẹsẹ̀, á kí wọn, á kọjá. Nígbà tí yóò bá fi kan ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti dúró pátápátá, ẹni iwájú sì ti rin jìnnà. Kó tó lè bá wọn, àfi kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún oníkẹ̀kẹ́ tó wà nídìí. Ọ̀nà tó gùn kò yàtọ̀, àkókò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni iwájú wọ kọ́nà pẹ̀lú kìlómítà 38, ó jáde pẹ̀lú 36. Ẹni ẹ̀yìn dé ibẹ̀, ó bọ́ sí 25, ó sì gbọ́dọ̀ tún sáré dé 50 kó tó lè lẹ̀ mọ́ wọn. Ìgbà ọgọ́jọ. Bí ìdajì eré bá ti lọ, a ó máa rí àwọn tó ń já kúrò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí pé wọn ò lágbára. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni kò dára.

Ẹni tó bá ń kàwé yìí lè wá sọ pé kí oníkálukú lọ síwájú nígbà náà. Afẹ́fẹ́ ni kò jẹ́. Ẹni tó wà níwájú gan-an ló ń fi àyà gba afẹ́fẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn, tí táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹni iwájú, lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ pamọ́. Nínú ọ̀wọ́ tó pọ̀, ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ń sọ pé kí o dúró sẹ́yìn, kọ́nà ń sọ pé kí o bọ́ síwájú. Àárín méjèèjì ni ibi dídára wà, láti ipò kẹrin tàbí ìkarùn-ún títí dé bí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ọgọ́rin èèyàn ló ń lépa àyè mẹ́wàá yẹn. Èyí ni ìjà tó ń lọ láàárín wọn ní gbogbo àkókò eré náà, tí olùwòran kàn ń rò pé ńṣe ni wọ́n ń yí po lásán. Ẹni tó bá sinmi ní ìṣẹ́jú kan, tó gbé omi mu, á bojú wẹ̀yìn, á rí i pé ogún èèyàn ti gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá.

Kọ́nà yíyà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́. Kí èèyàn tó wọ inú rẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ parí bíréékì. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láàárín kọ́nà, tí kẹ̀kẹ́ ti dẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ ló ń wá. Ẹsẹ̀ tó wà níhà ibi tí a ń yà sí gbọ́dọ̀ wà lókè, kí pẹ́dàlì má baà gbá títì. Ẹsẹ̀ kejì á wà nísàlẹ̀, gbogbo ìwúwo ara á sì dúró lé e. Ojú kì í wo táyà ẹni iwájú níbẹ̀, ibi tí a fẹ́ jáde sí ló ń wò. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sójú títì àti ìdérí irin tó wà lórí kòtò omi á máa yọ̀ bí ọṣẹ, àwọn tó gbọ́n á sì ti yí ojú ọ̀nà náà po láàárọ̀ láti mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn tó ń ṣètò eré náà sábà máa ń to ìdì koríko gbígbẹ tàbí fóòmù sídìí òpó iná ní ìta kọ́nà, nítorí ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ kì í nìkan ṣubú.

Ẹni tó bá ṣubú, tàbí tí táyà rẹ̀ jò, kò tíì pàdánù. Òfin kan wà nínú eré yìí tó wù mí. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń parí, àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń dúró pẹ̀lú rímù àti táyà tí wọ́n ti gbá sílẹ̀. Ẹni tí nǹkan ṣe á sáré débẹ̀, adájọ́ á wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni, wọ́n á bá a pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì mú un dúró di ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá tún yípo dé, kí wọ́n tó tì í padà sáàárín wọn, bí ẹni pé kò kúrò. Ìyípo kan ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un. Bí eré bá ti kù díẹ̀ kó parí, wọn kì í ṣe é mọ́. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé agbára rẹ̀ ló tán, tí kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sí oore-ọ̀fẹ́ kankan fún un: bí àwọn tó wà níwájú bá ti fẹ́ lé e bá láti ẹ̀yìn, adájọ́ á fun fèrè, á ní kó bọ́ sílẹ̀. Ojú gbogbo ìlú ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Àsìkò ni wọ́n sábà fi ń wọn eré náà, kì í ṣe ìwọ̀n ọ̀nà: wákàtí kan, kí wọ́n tó fi ìyípo márùn-ún kún un, fún àpẹẹrẹ. Nígbà tí àwọn adájọ́ bá ti mọ iye ìṣẹ́jú tí ìyípo kan ń gbà, wọ́n á gbé pátákó síta, wọ́n á máa ka iye tó kù sẹ́yìn fún wọn. Agogo á dún nígbà tó bá ku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n agogo yẹn máa ń dún ṣáájú náà, ìgbà yìí ni owó sì ń wọ̀ ọ́. Láàárín eré, ẹni tó mú gbohùngbohùn lè kéde pé ṣọ́ọ̀bù báyìí báyìí fi owó kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ní ìyípo tó ń bọ̀. Wọ́n á lu agogo, àwọn tó ti ń rọra lọ á ta kìjí. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò lè gba ipò kìíní lè torí èyí nìkan wá, kó gba owó méjì mẹ́ta, kó máa lọ sílé. Oníṣọ́ọ̀bù náà ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu agbóhùnsókè létí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Mi ò rò pé a ní láti kọ́ ará Ìkàrẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Níbi tí ọlọ́jà ti lè dìde níbi ìnáwó kó ná onílù títí ilẹ̀ á fi kún fún owó, owó agogo kò ní wọ́n.

Òpin eré lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó láwọn ọmọ tó pọ̀ á tò síwájú, olóyè wọn, ẹni tó lè sáré jù, á wà lẹ́yìn pátá. Èkíní á fi àyà gba afẹ́fẹ́ títí agbára rẹ̀ á fi tán, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì á gbà á. Ẹ̀kẹta á gbà á. Iṣẹ́ gbogbo wọn ni kí wọ́n gbé ẹni yẹn dé kọ́nà tó kẹ́yìn ní ipò kejì tàbí ìkẹta. Ẹni tó bá ya kọ́nà yẹn ní ipò kẹwàá, bó lágbára bí àgbáǹréré, kò lè gba eré náà, nítorí àyè tó kù kò tó fún un láti lé mẹ́sàn-án bá.

Eré ìgboro yìí ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń tàn lóde òní. Ti Major Taylor ti pẹ́: inú pápá onígi ni òun ti ń sá tirẹ̀, ó sì di ọ̀gá gbogbo ayé ní 1899, nígbà tí wọn kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jókòó jẹun. Rahsaan Bahati, ọmọ Compton, gba ife-ẹ̀yẹ criterium gbogbo Amẹ́ríkà ní 2008. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Justin Williams àti àbúrò rẹ̀ Cory dé, àwọn tí bàbá wọn ti Belize wá, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Legion sílẹ̀ ní Los Angeles. Ọmọ ìgboro ni gbogbo wọn.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, criterium tí ayé kò lè gbàgbé ni ti Ouagadougou ní oṣù Kejìlá ọdún 1959. Orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí ṣì ń jẹ́ Upper Volta nígbà náà, Maurice Yaméogo sì ni olórí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà oníkẹ̀kẹ́ láti Yúróòpù pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ ìlú òun díje, kí wọ́n sì ṣọdẹ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Jacques Anquetil wá, Raphaël Géminiani wá, Henri Anglade àti Roger Hassenforder náà wá. Fausto Coppi ará Ítálì sì wá, ọkùnrin tó ti gba eré yíká Ítálì nígbà márùn-ún àti eré yíká Faransé nígbà méjì. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun sí wọn. Láyé ọjọ́un, owó tí àwọn ìlú kéékèèké ń san fún wọn láti wá fojú hàn nínú criterium lẹ́yìn eré yíká Faransé ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbọ́ bùkátà.

Ẹ̀fọn ló gba eré yẹn. Coppi àti Géminiani jọ sùn nínú yàrá kan, ẹ̀fọn jẹ wọ́n, àwọn méjèèjì kó ibà lọ sílé. Ní Faransé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Géminiani wò, wọ́n rí kòkòrò ibà, wọ́n fún un ní kùìnáìnì, ó sì yè. 2024 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 99. Ní Ítálì, àwọn dókítà gbà pé àìsàn mìíràn ni. Ìtàn náà tilẹ̀ ni pé àwọn ará ilé Géminiani fi fóònù pè wọ́n láti Faransé pé ibà ni o, wọn kò gbọ́. Coppi kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1960, lẹ́ni ogójì ọdún. N kì í lè ka ìtàn yìí kí inú má bí mi. Ara gbóná, òtútù ń mú un, Áfíríkà ló ti dé: ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀kà ì bá ti sọ fún wọn, ìyá rẹ̀ ì bá sì ti gbé ewé dógóyárò kaná.

Burkina kò jáwọ́. Láti 1987 ni Tour du Faso ti wà, Benin àti Togo náà sì ní tiwọn. Ìyẹn eré ìlú sí ìlú ni, ó sì bá ilẹ̀ wọn mu, ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé dé Kigali ní Rwanda, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dé Áfíríkà, ibẹ̀ kò sì tẹ́jú rárá. Kìlómítà 15.1 ni ìyípo kan, òkè olókùúta wà láàárín rẹ̀ ní Kimihurura, Tadej Pogačar ló sì gba ti àwọn ọkùnrin. Ìyípo ni, ṣùgbọ́n ó ti gùn ju criterium lọ fíìfíì. Ohun tó yẹ kí ẹni tó wá láti ìlú òkè bíi tiwa rí dì mú níbẹ̀ ni pé wọ́n sé títì olú-ìlú odidi fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí ohun tó ṣe ayé.

Ká wá gbé e dé Àkókó. Àwọn tí mo bá sọ ọ́ sábà máa ń ronú kan títì Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí òun ni wọ́n mọ̀, ó sì ní òkè tó lè dá eléré lágara. Èmi kò gbà. Títì yẹn jẹ́ ti tírélà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, tírélà kan tó ru sìmẹ́ǹtì já mọ́ awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ní Àkùngbá, ó sì ya lu àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Ẹni tó bá sé ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ti sé ọ̀nà Àbújá mọ́ àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tí kò bá sì sé e, ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ pa.

Ọ̀kà ní ìṣòro tirẹ̀. Àdúgbò rẹ̀ pọ̀, wọ́n tò sí ara àpáta, ohun tó bá sì gòkè níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Eré ìyípo tí òkè gíga bá wà nínú rẹ̀ á fọ́n wọn ká láàárín ìyípo mẹ́ta; àwọn tó fúyẹ́ á lọ, àwọn tó kù á máa tò wọ́nwọ́n, olùwòran ò sì ní mọ ẹni tó wà níwájú mọ́. Kọ́nà tó wà nídìí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló tún burú jù, nítorí ibẹ̀ ni eré ti yá jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fẹ́ yà. Eré agùnkè-nìkan ló bá Ọ̀kà mu, kí wọ́n máa gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a máa fi aago wò wọ́n.

Ìkàrẹ́ ni criterium lè dúró sí. Ìlú ọjà ni, àwọn òpópónà rẹ̀ já síra wọn, àwọn ilé súnmọ́ títì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè sì wà tí èèyàn lè ti wo gbogbo rẹ̀. Apá Jubilee àti Ọjà-Ọba ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ibi tí èrò ti pọ̀ jù kọ́ ni ibi tí kọ́nà ti dára jù. Kọ́nà tí kò ní gọ́tà tó la ẹnu sílẹ̀ létí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Títì tí kò fẹ̀ tó mítà mẹ́fà kò ṣeé ṣe, àfi fún àwọn ọmọdé. Kòtò kékeré tí ọlọ́kadà ń fi ọgbọ́n yà fún lè gbé ogún kẹ̀kẹ́ ṣubú, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí i títí táyà rẹ̀ fi wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa wá sá a? Jímọ̀ kò ṣeé ṣe, ọjọ́ Ìsinmi kò ṣeé ṣe, Sátidé sì ni gbogbo ayé ń sìnkú tí wọ́n ń gbéyàwó. Àárọ̀ kùtù Sátidé, kí wọ́n parí kí àgó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ni mo rí.

Nípa kẹ̀kẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi àìsí èyí tó wọ́n ṣe àwáwí. Ese Ukpeseraye tó ṣojú Nàìjíríà nínú Òlíńpíìkì ní Paris ní 2024, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá a ló fi díje nínú pápá. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn tíṣà àti àwọn tó ń ra kòkó fi ń rìn láti abúlé dé abúlé nígbà kan rí ti wúwo jù, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ àlòkù tí wọ́n ń kó wọlé nísinsìnyí, tí bíréékì rẹ̀ bá dára tí wọ́n sì rí akoto dé, tó fún ìpele àkọ́kọ́. Kí gbogbo wọn lo irú kan náà ló ṣe pàtàkì. Ẹ fi ìṣẹ́jú ogún bẹ̀rẹ̀, àwọn fọkanáísà á dúró níbi ìtúnṣe, àwọn ọmọ iléèwé girama á di irin mú ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Kí wọ́n sì fi okùn wọn ibi kan kí wọ́n tó kun ìlà òpin sójú títì: láti kọ́nà tó kẹ́yìn sí ìlà náà, kó má dín ní igba mítà. Bó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ní kọ́nà ló gbà á, gbogbo wọn á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú kọ́nà náà ni wọ́n á ti máa ti ara wọn ṣubú láti dé ibẹ̀ ṣáájú.